Èsì: Ọjọ́ méjì ní Salvador, Bahia

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ẹ ní ọjọ́ méjì péré lẹ máa lò ní Salvador, ní Brazil, ẹ sì béèrè ibi tó yẹ kí ẹ dé. Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tó wà lókè ìlú, ni kí ẹ ti lo òwúrọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wádìí bóyá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museu Afro-Brasileiro ṣí, torí iṣẹ́ ayàwòrán Carybé tó wà níbẹ̀ kò láfiwé: pákó kédárì ńláńlá 27 tó gbẹ́ àwọn òrìṣà sí. Ẹ sún mọ́ wọn kí ẹ lè rí irin àti ìkarahun tó fi há ara wọn.

Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ṣí ní 1873, ni kí ẹ wọ̀ lọ sí ọjà Mercado Modelo nísàlẹ̀. Ẹ má fẹsẹ̀ rin ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ladeira da Montanha. Ibẹ̀ máa ń dá, olè sì ń jà.

Àkàrà wọn, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Wọ́n á là á, wọ́n á ki vatapá (ọbẹ̀ kíki kan) àti edé sí i. Tí wọ́n bá béèrè “quente?”, ata ni wọ́n ń sọ.

Fún ìlúwẹ̀ẹ́, etíkun Porto da Barra ni o. Ibi tí òkun ti yà wọ inú ilẹ̀ ló wà, omi rẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́bàá Farol, ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi, àpáta àti ìgbì pọ̀. Ẹ dé Porto da Barra kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oòrùn máa ń tètè wọ̀. Tó bá bọ́ sí February 2, ọjọ́ Yemọja, ẹ ti wà ní àdúgbò Rio Vermelho, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún náà, ní ìdájí, kí èrò tó dí ọ̀nà pa.