Irú ajá wo ni ká rà fún ilé wa ní Àbújá?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń dá wa padà sí Àbújá ní oṣù kẹjọ, Gwarinpa ni a sì gba ilé sí. Àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní Husky ni àwọn fẹ́. Ajá tí olè máa bẹ̀rù ni bàbá wọn ń wá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Houston ni mo wà báyìí, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé Gwarinpa, ojú mi sì rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ ajá.

Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbàgbé Husky. Siberia ni irú ajá yẹn ti wá, níbi tó ti ń fa ẹrù lórí yìnyín, irun ara rẹ̀ sì jẹ́ ìpele méjì, bẹ́ẹ̀ ooru Àbújá lè sún mọ́ 40°C ní oṣù kẹta. Aládùúgbò wa kan ra ọ̀kan: bí iná bá ti lọ, ajá náà á wọ balùwẹ̀, á na gbọọrọ sórí táìsì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, títí wọn á fi tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀.

Ní ti bàbá wọn, bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń jáde láàárọ̀ tí ẹ sì ń wọlé lálẹ́, mégáàdì ni ajá náà máa mọ̀ ní olówó rẹ̀. Èmi ra Alsatian láìbá mégáàdì wa sọ ọ́, Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fi ń kírun. Inú àgò ni ajá náà ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nígbà tó yá, ó ń gbó mọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹ̀bi tèmi ni.

Ajá ìbílẹ̀ ni màá rà bí mo bá tún padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Bíńgò. Irun rẹ̀ kúrú, ooru wa kì í ṣe àjèjì sí i, á sì gbó bí àlejò bá kan géètì. Ẹ má ra ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ wo ìyá rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bó bá pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa tún un ṣe bí oníṣègùn ẹran bá ṣe wí. Ẹ dúró di ìsinmi Kérésìmesì kí ẹ tó gbé e wálé, nítorí àwọn ìbejì á wà nílé nígbà náà láti fi ọwọ́ ara wọn bọ́ ọ.