Báwo ni a ṣe lè rí òpópónà London kan tó wà nínú ìwé ìkànìyàn 1881, tí kò sí mọ́?

Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé akànìyàn agbègbè náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ló ti to àwọn òpópónà tó gbà. Ìwádìí orúkọ ènìyàn kì í gbé ojú ìwé yìí jáde. Ẹ ṣí àwòrán ìwé náà sẹ́yìn títí dé ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn òpópónà tó yí i ká lórí máàpù Ordnance Survey (àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain) 1893 sí 1896, èyí tí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lórí rẹ̀ dúró fún máìlì kan. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì National Library of Scotland. Ó lè jẹ́ orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà: London County Council, ìjọba ìbílẹ̀ London nígbà náà, tẹ ìwé àwọn orúkọ tí wọ́n pààrọ̀. Nọ́ńbà ilé kò ṣeé gbára lé, wọ́n máa ń tún un tò.