Ṣé dísù tí à ń rà ní Àkúrẹ́ náà ni ọkọ̀ òkun ńlá ń jó?

Rárá o, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í jó o. Tẹ́ ẹ bá ti rí bítúmẹ̀nì Àgbabu (ọ̀dà dúdú tó wà nínú ilẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó) rí, epo wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ pẹtiróò àti dísù kúrò lára epo rọ̀bì ni. Ó ki débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e gbóná kọjá 100°C kó tó lè wọ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kì í sáré. Nǹkan bí ìgbà 100 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yí abẹ̀bẹ̀ irin abẹ́ omi, kò sí gíà láàárín. (Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Igbókòdá lè yí ju ìgbà 5,000 lọ!)

Imí-ọjọ́ ni wàhálà epo yẹn. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, àjọ IMO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ti já ìwọ̀n imí-ọjọ́ tó lè wà nínú epo náà wálẹ̀ láti 3.5% sí 0.5%, àyàfi ọkọ̀ tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín. Mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí líle kan tó ń jó), gáàsì àti amóníà ni àwọn olùwádìí ń gbé yẹ̀ wò báyìí láti fi rọ́pò epo yìí. Èmi ò tíì fọkàn tán amóníà: kò ní káábọ̀n, èyí tó ń di èéfín tó ń mú ayé gbóná, nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé ni tó bá jò nínú ọkọ̀.