Ṣé Nolan Yóò Tún Lọ́ Àkókò Pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lórí The Odyssey, fíìmù tí Christopher Nolan ń gbé bọ̀ ní oṣù Keje ọdún 2026. Ó ní tààrà ni yóò tò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí pé ìtàn àtijọ́ ni. Èmi ò gbà. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, lójú tèmi, ìwọ lo jàre. Ìtàn ọ̀hún fúnra rẹ̀, ewì àtijọ́ àwọn Gíríìkì nípa Odysseus, ọba tó ń wá ọ̀nà padà sílé láti ojú ogun, ò lọ tààrà! Ìwé 24 ló pín sí. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, ọmọ Odysseus là ń bá kiri. Ó di ìwé karùn-ún ká tó rí bàbá, létí òkun, tó ń sunkún ilé. Ìwé kẹsàn-án ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tójú rẹ̀ ti rí: òmìrán olójú kan, àjẹ́ tó sọ àwọn èèyàn rẹ̀ di ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó lọ́ ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kan àti wákàtí kan mọ́ra nínú Dunkirk, fíìmù Nolan mìíràn, ṣé irú èyí ni yóò wá nà tààrà? Rárá o.

Ibi tí èmi ń retí jù ni ti Argos, ajá tí Odysseus fi sílẹ̀ fún ogún ọdún. Orí ààtàn ló dùbúlẹ̀ sí. Ó dá ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, ó ju ìrù, etí rẹ̀ wálẹ̀. Odysseus, tó ti para dà bí alágbe, ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, kí àṣírí má baà tú. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu omijé. Jọ̀ọ́, kí Nolan má yọ ibẹ̀ kúrò.