Igbó Baba Wa, Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Ọ?

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú jáde lóṣù yìí nínú àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìlú tí wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè: kí ni ìgbàgbọ́ ènìyàn ń mú un ṣe sí ilẹ̀, sí omi, àti sí ẹni tí ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? A ti gé wọn kúrú, a sì ti yọ orúkọ kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ìdílé wa ní Kétu ní igbó kékeré kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń bọ òrìṣà. Ìrókò mẹ́ta àti àràbà kan wà nínú rẹ̀, omi kan sì ń sun lẹ́bàá rẹ̀. Bàbá tí ó ń ṣe ètùtù níbẹ̀ papò dà lọ́dún tó kọjá, kò sì sí ọmọ tí ó gba ipò rẹ̀, nítorí pé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni àwọn kan nínú wa, Mùsùlùmí sì ni àwọn yòókù. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá àwọn onípákó sọ̀rọ̀. Ó ní igi òrìṣà kò ṣe wá láǹfààní mọ́, àti pé bí a bá fi í sílẹ̀, àwọn ọmọ wa yóò padà sí ìbọ̀rìṣà. Ọmọ ìjọ ni èmi náà, ọkàn mi kò sì gbà kí wọ́n gé igbó náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo lè sọ tí kò ní jọ pé òrìṣà ni mo ń gbèjà. Ṣé ẹni tí kò bọ òrìṣà lè máa ṣọ́ igbó òrìṣà? — Olùkọ́ kan, Kétu

Ó lè ṣọ́ ọ, Olùkọ́, mo sì gbà pé ó yẹ kí ó ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín. Nígbà tí bàbá yẹn wà láyé, kì í ṣe ìbẹ̀rù òrìṣà nìkan ni ó pa igbó náà mọ́. Ẹnìkan wà tí gbogbo ìlú mọ̀ pé òun ni igbó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ wà tí a kì í wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ já ewé tàbí bó èèpo igi fún àgbo ní láti tọrọ àyè, kí ó sì mú kìkì ìwọ̀n tí àìsàn náà béèrè. Ẹni tí ó bá sì rú òfin mọ ojúlé tí wọn yóò ti pè é lẹ́jọ́. Orúkọ òrìṣà ni a fi ń pa gbogbo àṣẹ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ojúṣe àwọn alààyè ni ó wà nínú wọn. Bàbá kú, ẹ̀sìn yí padà, ojúṣe náà sì di ohun tí kò ní olúwa. Ibẹ̀ ni àwọn onípákó ti rí ọ̀nà wọlé.

Igbó yín kò dá wà. Ìwádìí tí a ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 1998 ka irú igbó bẹ́ẹ̀ sí 2,940, gbogbo wọn lápapọ̀ sì jẹ́ hẹ́kítà 18,360, èyí tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wa. Bí a bá pín in dọ́gba, díẹ̀ ló lé ní hẹ́kítà mẹ́fà tí yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ní gúúsù, níbi tí oko àgbàdo, oko ọ̀pẹ àti oko tíìkì ti gba ilẹ̀, inú àwọn abala kéékèèké wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ igi àti ẹranko tí àwọn baba wa mọ̀ lórúkọ fara pamọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n yín lè sọ pé a ó gbin òmíràn. Ẹ sọ fún un pé a kì í to ìrókò sí oko bí tíìkì. Kòkòrò kékeré kan wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma, tí ó máa ń mú kí ewé ìrókò tí kò tíì dàgbà wú, tí ọ̀mùnú rẹ̀ yóò sì rà dànù. Ibi tí a bá gbìn wọ́n pọ̀ sí ní ojú kan ni ó ti ń ṣọṣẹ́ jù. Àdán ni ó ń jẹ èso ìrókò, òun náà ni ó sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ìrókò mẹ́ta tí ó ti dàgbà, tí àdán ń wọ́ lọ síbẹ̀, lè jẹ́ ìyá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrókò tí yóò hù ní oko àwọn ẹlòmíràn tí kò mọ ìdílé yín rárá.

Ẹ tún mẹ́nu ba omi tí ó ń sun. Wangari Maathai, ọmọ Kenya tí ó dá ẹgbẹ́ agbingi tí wọ́n ń pè ní Green Belt sílẹ̀ ní ọdún 1977, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní ọdún 2004, máa ń sọ pé ìyá òun kọ̀ fún òun láti ṣa igi ìdáná lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ kan, nítorí pé igi Ọlọ́run ni. Omi ń sun nítòsí igi náà. Nígbà tí ó padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n ti gé e, omi náà sì ti gbẹ. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì ni wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, kò sì di dandan kí ó padà sí ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ohun tí ìyá rẹ̀ kọ̀ fún un ní ìdí.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá ẹ̀gbọ́n yín sọ wà nínú Bíbélì tí ó ń kà. Púpọ̀ nínú wa mọ ibi tí a ti ní kí ènìyàn jọba lórí ẹja, ẹyẹ àti ẹranko, a sì máa ń dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kejì Jẹ́nẹ́sísì kan náà sọ pé a fi ènìyàn sínú ọgbà láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ. Póòpù Francis fi lẹ́tà gígùn kan ránṣẹ́ sí gbogbo ayé ní ọdún 2015 lórí ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ yìí, ó sì so ìtọ́jú ilẹ̀ mọ́ ìtọ́jú tálákà débi pé ẹni tí ó bá kà á kò lè ya wọ́n. Àwọn ará ilé yín tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí náà mọ hàdíìsì tí ó ní igi tí Mùsùlùmí bá gbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni fún un. Nínú méjèèjì yìí, kò sí ibi tí a ti ní kí ẹnikẹ́ni foríbalẹ̀ fún igi. Ní ti ẹ̀rù pé àwọn ọmọ yóò padà sí ìbọ̀rìṣà, inú ilé ni a ti ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn, igbó kò sì lè gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ òbí.

N kò ní parọ́ fún yín pé ìgbà àwọn baba wa dára tán. Èèwọ̀ ń ṣọ́ inú igbó, kì í ṣọ́ ìta rẹ̀. Ní apá Ṣábẹ, níbi tí wọ́n ti ń kó èédú lọ sí Kútọnù, ẹni tí kò jẹ́ já ewé kan nínú igbó òrìṣà lè gé igi òrí tí àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀, kí ó sì sun ún ní èédú láìsí ohun tí ó bà á lẹ́rù, nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣe ilé òrìṣà kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó tí a kọ̀ fún obìnrin láti wọ̀: ìyá tí ó ń pọn omi ibẹ̀ fún gbogbo ilé kò ní ohùn nínú bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Èyí ń dùn mí. Bí ẹ bá gba ojúṣe náà, ẹ má ṣe gba àléébù yìí mọ́ ọn.

Kí ẹ tó pe ìpàdé ẹbí, ẹ lọ bá àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣì mọ èèwọ̀ igbó náà, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ní ìpàdé, ẹ má jẹ́ kí ó di àríyànjiyàn lórí ẹ̀sìn. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ ibẹ̀, ẹni tí ó lè já ewé, ibi tí àwọn obìnrin yóò ti máa ṣa igi gbígbẹ, àti ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí ó bá gé igi tútù. Kí àwọn obìnrin ilé sì jókòó níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ ṣe ètùtù, ẹ jẹ́ kí ó máa wá, ilẹ̀ baba tirẹ̀ náà ni. Ìjọba fi ìlànà lélẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2012 lórí bí a ṣe gbọdọ̀ máa tọ́jú irú igbó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú ìwé àdéhùn ẹbí lọ sí ọ́fíìsì méèrì, kí ẹ béèrè pé kí kọmúùnù dá igbó náà mọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín pé kí ó má tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ onípákó.

Ìyá opó kan wà ní àdúgbò wa ní Ṣábẹ, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ọmọ méjì kú ní ilé tí ó kọjú sí tirẹ̀ nígbà òjò tó kọjá, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé àjẹ́ ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nílé, kò sì sí ẹni tí ó ń pọn omi fún un mọ́. Ọkọ mi ní kí n má ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ nítorí ọmọ wa kékeré. Ẹ̀rù ń bà mí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. — Ìyá ọmọ, Ṣábẹ

Ìyá ọmọ, àánú tí ó ń ṣe yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Ìgbà òjò ni ìgbà ẹ̀fọn, ibà sì wà lára ohun tí ó ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ wa. Nítorí rẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ní Benin ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ní ti ojú pípọ́n, obìnrin tí ó ti ń fẹ́ iná igi láti kékeré títí di ọjọ́ ogbó, èéfín ti tó láti sọ ojú rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀.

Ọkọ yín lè ní ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kò kan ohun tí òun gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a bá a sọ ọ́ láti inú ohun tí ó gbà gbọ́ nígbà náà. Àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ fún wa, ní Kétu àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn, gbà pé agbára ńlá wà lọ́wọ́ àwọn ìyá, agbára tí ó lè tún ìlú ṣe tí ó sì lè bà á jẹ́. Kí ni wọ́n wá ṣe pẹ̀lú ìgbàgbọ́ náà? Wọ́n gbẹ́ igi, wọ́n kun ún lọ́dà, wọ́n kọrin ẹ̀fẹ̀ mọ́jú, ọkùnrin sì gbé ère obìnrin lérí láti fi jó kí inú àwọn ìyá lè dùn. Ohun tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé nìyẹn, inú ọ̀wọ̀ fún arúgbó obìnrin ni ó sì ti hù jáde. Ìgbàgbọ́ kan náà, bí a bá yọ ọ̀wọ̀ kúrò nínú rẹ̀ tí ó ku ìbẹ̀rù nìkan, a máa pa opó lẹ́bi láìsí ẹ̀rí. Kí ọkọ yín sọ èwo nínú méjèèjì ni àwọn baba rẹ̀ kọ́ ọ.

Ẹ má dá lọ. Ẹ mú ìyá àgbà kan tí àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún dání, ẹ pọn omi, ẹ gbé oúnjẹ, kí ẹ sì lọ ní ọ̀sán gangan níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí yín. Ẹ gbé ọmọ yín lọ gba abẹ́rẹ́, kí ó sì máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ wá nọ́ńbà àwọn ọmọ ìyá náà, kí ẹ sọ bí nǹkan ṣe rí fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá halẹ̀ pé òun yóò lù ú, ẹ sọ fún olórí àdúgbò àti ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an.

Pásítọ̀ wa ń wàásù pé ayé yìí yóò jóná láìpẹ́. Nígbà tí mo ní kí àwọn ará ìjọ jẹ́ kí a máa kó ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà tí ó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà, wọ́n ní iṣẹ́ asán ni. Kí ni kí n sọ fún wọn? — Màmá Olóúnjẹ, Porto-Novo

Màmá, òjò kò ní dúró de òpin ayé. Bí ọ̀rá bá dí gọ́tà, ilé ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni omi yóò ya wọ̀, ẹni náà sì ni ọmọnìkejì tí a ní kí ẹ fẹ́ràn. Àwọn Mùsùlùmí ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbà láti ọ̀dọ̀ Ànábì Muhammad, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará ìjọ náà gbọ́: bí ọjọ́ ìkẹyìn bá dé bá ẹnìkan tí ó mú ọ̀gbìn lọ́wọ́, bí ó bá lè gbìn ín, kí ó gbìn ín.

Ní Ouando, ní ìlú yín níbẹ̀, àlùfáà kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Dòmíníkà, Godfrey Nzamujo, dá ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Songhai sílẹ̀ ní ọdún 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀, ìdin sì ń di oúnjẹ ẹja. Ẹni tí ó ń retí ìjọba ọ̀run ni òun náà, ìrètí náà kò sì mú kí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́jú. Ẹ bẹ pásítọ̀ yín kí ó mú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ wò ó.

Ẹ má dúró de gbogbo ìjọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ẹ jọ ń tajà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣe dáná sun ọ̀rá tí ẹ bá kó, nítorí èéfín rẹ̀ burú fún àyà. Ẹ kó o fún àwọn tí ń kó ìdọ̀tí ìlú. Òfin ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ti fòfin de ọ̀rá tí kì í jẹrà, nítorí náà ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí igbá tiyín: ẹ fi ewé di ẹ̀kọ, kí ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n máa mú abọ́ wá fún ọbẹ̀.