Dókítà fi fóònù pàṣẹ lóru, ó sẹ́ ẹ láàárọ̀: èsì mi sí agbẹ̀bí tó béèrè

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ alẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ pé dókítà tó wà lójú iṣẹ́ fi fóònù ní kí o gún obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lábẹ́rẹ́, o sì gún un, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí o gbé fáìlì lọ bá a pé kó fọwọ́ sí i, ó ní òun kò rántí, mátírọ́nì yín sì ní kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. O béèrè bóyá kí o dákẹ́ ni tàbí kí o fẹjọ́ sùn. Lójú tèmi, má dákẹ́, má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni ìgbìmọ̀ ìwádìí máa ń rí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Aláboyún kan wà lọ́wọ́ wa tí gìrì ti mú nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, a sì ti bẹ̀rẹ̀ magnesium sulphate, oògùn tó ń dá gìrì dúró, fún un, èyí tí à ń gún sí ìdí ní gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í gún un kìkì nítorí pé aago rẹ̀ ti tó: èémí kò gbọdọ̀ dín sí 16 ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ gbọdọ̀ ta bí a bá kan orúnkún, ìtọ̀ sì gbọdọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan, torí pé bí oògùn náà bá pọ̀ jù lára, ó lè dá èémí dúró. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tó kàn tó gún, èémí obìnrin yìí ti wálẹ̀ sí 12, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ta mọ́. Mo dá abẹ́rẹ́ náà dúró, mo pe dókítà, ó ní kí n fún un ní calcium gluconate, oògùn tó ń pa agbára magnesium sulphate, gíráàmù 1, díẹ̀díẹ̀, sínú iṣan. Mo ka àṣẹ náà padà fún un létí nọ́ọ̀sì kejì, ẹni tó ń kọ aago gbogbo ohun tí a ń ṣe sórí pílásítà tó lẹ̀ mọ́ itan rẹ̀. Èémí obìnrin náà padà bọ̀ sípò.

Láàárọ̀, ọ̀gá àwọn dókítà béèrè ìdí tí abẹ́rẹ́ kan fi fò. Dókítà tó gba fóònù ní ẹnikẹ́ni kò pe òun. Kí n tó délé, ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ ti ń dúró dè mí.

Ohun tó wà nínú fáìlì kò gùn: “Aago 2:10, èémí 12, ẹsẹ̀ kò ta, ìtọ̀ mílílítà 60 láti wákàtí mẹ́rin. A kò gún abẹ́rẹ́ aago 2:00. Aago 2:12, mo pe dókítà,” orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, “mo ní kó wá wò ó, ó ní òun wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ.” Lẹ́yìn èyí ni àṣẹ rẹ̀ gan-an, pé mo kà á padà, àti orúkọ ẹni tó gbọ́. N kò kọ ọ́ níbi kankan pé ó ṣàìbìkítà. Ìgbìmọ̀ ka aago wọ̀nyẹn, wọ́n wo fóònù wọ́ọ̀dù, wọ́n sì pa ẹjọ́ náà tì. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé mi kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí láìsọ ìdí, dókítà náà kò sì kí mi mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Mo sọ èyí kí o má bàa rò pé ìwé tó pé yóò mú kí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn rẹ.

Ní ti ọ̀rọ̀ rẹ, má padà lọ ki ohunkóhun bọ àárín àkọsílẹ̀ alẹ́ àná. Ibi tí àkọsílẹ̀ dé báyìí ni kí o ti kọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tí o ń kọ ọ́, kí o sì sọ pé ọ̀rọ̀ alẹ́ àná ni. Kọ aago tí o gbé fáìlì fún dókítà àti èsì tó fún ọ gan-an. Bí o bá ṣi nǹkan kọ, fa ìlà kan ṣoṣo gbà á, kí o fọwọ́ sí i. Má fi ohunkóhun pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà sí mátírọ́nì, kí o fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n má fi fóònù rẹ ya fáìlì aláìsàn, nítorí pé ìyẹn nìkan tó láti fi gbé ọ lọ sílé ẹjọ́. Fi ọ̀wọ̀ gbé lẹ́tà náà fún wọn ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àìtó òṣìṣẹ́ ló ń dẹ́rù bà wọ́n ju ọ̀rọ̀ rẹ lọ.

Mo mọ̀ pé ìrìn àjò ló wà lọ́kàn rẹ. Ìlànà tí Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì tìtorí rẹ̀ wọ́de ní Àbújá àti Èkó, béèrè ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ àti lẹ́tà ìwà rere láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwòsàn kí ìwé ẹ̀rí tó lọ sókè òkun. Ìlànà yẹn ti pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́nu mọ́, mo sì rò pé kò dára. Síbẹ̀, lẹ́tà ọ̀gá ilé ìwòsàn kò ní wúlò fún ọ bí ẹjọ́ aláìsàn bá dé tí orúkọ tìrẹ nìkan ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà.

Bí wá-wí-tẹnu-rẹ bá dé, wo wákàtí tí wọ́n fún ọ, má sì fi ìbínú fèsì. Kọ ojú ewé kan, kí o jẹ́ kí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì kà á kí o tó fi sílẹ̀.