Ìpolówó Ọjà àti Àṣà Oníǹkan

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, èmi ni mo ń darí ìpolówó ní ilé-iṣẹ́ wa. Báwo ni a ṣe lè lo àṣà àwọn ènìyàn láìdà bí ẹni tí owó wọn nìkan ń wù?

Ìdáhùn: Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Pepsi gbé ìpolówó kan jáde tí ó fi ìwọ́de àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilé-iṣẹ́ náà sì fà á sẹ́yìn ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú àforíjì. Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ pe àwọn tó ni àṣà tí ẹ fẹ́ lò jókòó nígbà tí èrò yín ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ san owó iṣẹ́ wọn, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú mi, kí ẹ sì gbà bí wọ́n bá ní rárá.